Henry Gantt, ẹni tó ní kí ọ̀gá yẹ ara rẹ̀ wò kó tó bá òṣìṣẹ́ wí

Ẹni tó bá gba iṣẹ́ dòdò Ìkirè fún ìnáwó ọjọ́ Sátidé kì í dúró di Sátidé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà gbọ́dọ̀ ti pọ́n rọ̀, epo pupa, ata, iyọ̀ àti igi ìdáná gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá tíì pọ́n, ńṣe ni ẹni tó fẹ́ dín in yóò jókòó lásán. Ta ló wá jẹ̀bi? Irú ìbéèrè yìí ni Henry Laurence Gantt, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ohun tó rí kọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣètò iṣẹ́ lónìí.

Ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1861 ni wọ́n bí i ní agbègbè Calvert, ìpínlẹ̀ Maryland, ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀. Olóko ńlá ni bàbá rẹ̀, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ oko náà. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò ṣàjèjì sí àwọn ará Àpòmù, nítorí jíjí èèyàn gbé tà ní ọjà wọn wà lára ohun tó fa Ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà parí, tí kò sí ẹrú mọ́, ọrọ̀ ilé Gantt fò lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ọlà wá di akẹ́kọ̀ọ́ ní McDonogh, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ aláìní. Ó gboyè ní yunifásítì Johns Hopkins lọ́dún 1880, ó ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́ta, ó sì parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Stevens lọ́dún 1884.

Lọ́dún 1887, ó wọ ilé iṣẹ́ irin Midvale ní Philadelphia, ó sì di igbákejì Frederick Taylor, ọkùnrin tó máa ń fi aago wọn iṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ kan lè ṣe lójúmọ́. Gantt kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Bethlehem lọ́dún 1901, ó gbé ètò tuntun kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò parí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ yóò gba owó ojúmọ́ rẹ̀ pé, ẹni tó bá parí rẹ̀ yóò gba àjẹmọ́nú lé e. Alábòójútó náà yóò gba tirẹ̀ lórí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ tó bá yege, bí gbogbo wọn bá sì yege, tirẹ̀ yóò tún pọ̀ sí i. Bí ẹni tó ń jágbe mọ́ni ṣe di olùkọ́ nìyẹn.

Àwòrán ìlà ló wá sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ wo iṣẹ́ gààrí: bíbó ẹ̀gẹ́, lílọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, fífún omi rẹ̀ dànù, jíjọ̀ àti yíyan. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọ̀nà Gantt yóò to iṣẹ́ wọ̀nyí sí apá òsì bébà, yóò to ọjọ́ sókè, yóò sì fa ìlà láti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ kó bẹ̀rẹ̀ dé ọjọ́ tó yẹ kó parí. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, yóò fa ìlà mìíràn tó ń fi ibi tí wọ́n bá a dé hàn. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan yóò mọ èyí tó ti fà sẹ́yìn.

Lóòótọ́, Karol Adamiecki, ọmọ Poland, ti ya irú rẹ̀ lọ́dún 1896, ṣùgbọ́n orúkọ Gantt ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó dun àwọn ọ̀gá ni lẹ́tà kékeré tó ń sọ ìdí tí iṣẹ́ fi fà sẹ́yìn: ohun èlò kò dé, irinṣẹ́ bàjẹ́, wọn kò ṣàlàyé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tuntun ni, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra lóòótọ́. Ọwọ́ ọ̀gá ni àtúnṣe púpọ̀ nínú wọn wà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1917, wọ́n lo àwòrán yìí fún ṣíṣe ohun ìjà àti ọkọ̀ ojú omi.

Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1919, Gantt kìlọ̀ pé bí àwọn oníṣòwò kò bá fi iṣẹ́ wọn sin aráàlú, aráàlú yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá ọdún náà ló kú, lẹ́ni ọdún 58. Lọ́dún 1929, wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Joseph Orlicky tó ṣiṣẹ́ ní IBM àti àwọn mìíràn gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Bí oníbàárà bá ti sọ ọjọ́ tó fẹ́ gba ọjà, ẹ̀rọ náà yóò ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, yóò sì sọ ohun tó yẹ kí wọ́n rà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n rà á. Ìlà Gantt ṣì ń hàn lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi ṣọ́ òṣìṣẹ́ nìkan, láì béèrè bóyá ohun èlò dé lásìkò, ìlà Gantt ló rà, kò ra ọgbọ́n rẹ̀.