Ta ni Charles Bradley, dókítà tó ń wá oògùn ẹ̀fọ́rí tó fi ṣàwárí oògùn fún ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́?

Láàárín àwọn ọdún 1930, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń wá ohun tí yóò fi wo ẹ̀fọ́rí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí náà kò lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó rí nídìí ìwádìí náà ló la ọ̀nà fún lílo oògùn láti tọ́jú àìsàn ọpọlọ àwọn ọmọdé.

Charles Bradley ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ìṣègùn ní Fásitì Harvard ní 1928.

Ilé ìwòsàn tí ìbànújẹ́ òbí bí

George Bradley, mọ̀lẹ́bí Charles tó lówó nínú òwò tẹlifóònù, ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Emma. Ọmọ ọdún méje ni Emma nígbà tí àrùn kọlu ọpọlọ rẹ̀, tí wárápá àti àbùkù ara sì tẹ̀lé e. Kò sí ilé ìwòsàn tó mọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ wá ya dúkìá wọn sọ́tọ̀ pé kí wọ́n fi dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1931, Emma Pendleton Bradley Home ṣí ìlẹ̀kùn, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó wà fún àìsàn ọpọlọ àwọn ọmọdé nìkan. Charles di olùdarí rẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà.

Oògùn ìṣirò

Láyé ìgbà náà, kí wọ́n tó lè ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní láti fa omi tó yí i ká jáde láti eegun ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí líle ló máa ń tẹ̀lé e. Bradley rò pé Benzedrine, oògùn tó ń ta ara jí, lè mú kí omi náà tètè padà.

Èrò rẹ̀ kò ṣẹ. Àmọ́ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ inú ọgbà náà ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí kì í fọkàn sí nǹkan ti ń jókòó ti iṣẹ́ wọn. Bradley fún ọmọ 30, láti ọmọ ọdún 5 sí 14, ní oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn 14 ṣe dáadáa lọ́nà ìyanu nínú ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é ní oògùn ìṣirò.

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé oògùn tó ń lé oorun lójú àgbàlagbà ló ń mú ọmọ aláriwo rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ìkìlọ̀ rẹ̀

Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1937, Bradley kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń fún ọmọ ní oògùn yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó lè bo ohun tó fa ìṣòro ọmọ náà mọ́lẹ̀, tí kò sì ní rí ìtọ́jú.

Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìwọ̀nba àwọn oníṣègùn ló ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni ìtọ́jú. Ní 1944, Leandro Panizzon ṣe oògùn mìíràn ní Switzerland, ó sì fi Rita, orúkọ ìyàwó rẹ̀, sọ ọ́ ní Ritalin. Láti àwọn ọdún 1960 ni lílo rẹ̀ fún ọmọdé ti gbilẹ̀.

Bradley kó lọ sí Oregon ní 1948, ó sì kú ní 1979. Lónìí, ADHD ni orúkọ àìsàn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú jù lọ. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olóríkunkun lọ́wọ́. Ó sì lè di bárakú fún ẹni tó bá ń lò ó láìsí àbójútó dókítà, èyí tó mú kí ìkìlọ̀ Bradley ṣì wúlò fún gbogbo òbí.