Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹ̀tì

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Mápó, tí ó gba Ọjà'ba kọjá lọ sí Kúdẹ̀tì, yóò dé ibi tí obìnrin ará Ìlú Òyìnbó kan ti ṣe ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ ní àkókò ogun. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní oṣù yìí, nítorí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ìrànwọ́ tí ń ti òkèèrè wá.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827, ní Hempnall, ní ilẹ̀ Norfolk. Ó wà ní ọmọdé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bóyá nítorí èyí ni àánú ọmọ aláìníyàá fi máa ń ṣe é. Ní ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì, ẹni tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán, tí ó sì ti bẹ Ìbàdàn wò ní ọdún 1851. Ní ọdún 1853 àwọn méjèèjì dé ìlú wa.

Ìlú àwọn ogúnléndé ni Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé baba wọn, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, ni wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí àgọ́ sì di ìlú. Hinderer kọ́ ilé àti ilé-ìsìn sí Kúdẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ sì kó àwọn ọmọdé jọ láti kọ́ wọn. Ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé e lọ́wọ́. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá, bá wọn ṣiṣẹ́. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá nígbẹ̀yìn, gbé ní ọ̀dọ̀ wọn ní ìgbà èwe rẹ̀.

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Adélù ọmọ rẹ̀ jọba, ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á. Kí a má tan ara wa jẹ: ìlú wa ni ó gbé ogun lọ sí Ìjàyè ní ọdún 1860. Ìyàn mú níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní ìlú náà fi gba àwọn ọmọ tí kò rí oúnjẹ sí ilé wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 Ìjàyè fọ́. Àwọn tí ó rí ọ̀nà sá lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí kò rí ọ̀nà di ẹrú.

Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń bá Ìbàdàn jà, sé ọ̀nà Èkó. Ẹ kíyèsí èyí. Kì í ṣe pé àwọn ará Ìlú Òyìnbó gbàgbé Anna. Owó àti ẹrù wà fún un ní etí òkun, ṣùgbọ́n owó tí ó wà ní Èkó kò lè ra iṣu ní Kúdẹ̀tì. Ó ta aṣọ àti ohun èlò ilé rẹ̀ gba owó ẹyọ, kí àwọn ọmọ lè jẹun. Òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ oúnjẹ díẹ̀, wọ́n sì ṣàìsàn púpọ̀. Àwọn ará ìlú tí ó láàánú ni kò jẹ́ kí ebi pa agbo ilé náà kú, ìyàn ogun kò sì mú kí ó lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, Glover, gómìnà Èkó, rán Kápútẹ́nì Maxwell láti la ọ̀nà tuntun gba inú igbó wá. Ó dé Ìbàdàn ní òru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a fi ibùsùn tí a so mọ́ ọ̀pá gbé Anna lọ, nítorí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó tún padà wá ní ọdún 1867, ṣùgbọ́n àìsàn mú kí ó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 1869. Ó kú ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Anne's ní Mọ́lété ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìlú wa ti rí ìpọ́njú mìíràn láti ìgbà náà. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kó ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 omi tún pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún àtúnṣe ojú omi Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Pakistan, ní ọdún 2010, omi gbé afárá lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ni a fi gbé oúnjẹ dé ọ̀pọ̀ ibi.

Ìrànwọ́ òkèèrè dára, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí yóò gbà, ọ̀nà a sì máa sé. Kí ó tó dé, ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ó wà ní Ìbàdàn lónìí, ọmọ ogúnléndé ni wá, máa rántí èyí nígbà tí àjò bá kan ilẹ̀kùn wa.