Aina Onabolu: Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fi ojú ara rẹ̀ ṣe olùkọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró létí títì níbí ní Ìlútítun, ká kọjú sí ọ̀nà Òkìtìpupa. Gbogbo wa la mọ̀ pé títì náà kì í fún pọ̀ níwájú. Síbẹ̀, ojú wa ń sọ pé ó ń tín-ín-rín lọ, títí etí rẹ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú oko ọ̀pẹ: igi tó wà nítòsí ga, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kúrú, bẹ́ẹ̀ ìgbà kan náà ni wọ́n gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán ní pẹ́ńsù, ohun tó mọ̀ ni yóò yà, kò ní ya ohun tó rí. Yóò fa ìlà méjì tó dọ́gba, yóò ní títì nìyẹn.

Ọ̀nà tí ayàwòrán fi ń gbé ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn sórí ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè ní perspective. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ lórúkọ nílẹ̀ wa ni Olóyè Aina Onabolu. Mister Perspective ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí, nítorí pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí olùkọ́ kankan tó jókòó tì í.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1882. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni nígbà tí àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó wọ̀ ọ́ lójú. Ó ń wò wọ́n, ó sì ń ya irú wọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí: èèyàn á yà á, kò ní jọ, á tún un wò, á tún un yà, títí ojú yóò fi mọ ibi tí ọwọ́ ti ṣìṣe. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Èkó, ó di akọ̀wé ìjọba. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń bọ́ ọ, àwòrán ni ọkàn rẹ̀ wà. Lọ́dún 1906, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí wọ́n ṣì ń dárúkọ títí dòní. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbàgbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya èèyàn kó jọ èèyàn. Onabolu kò bá wọn jiyàn lẹ́nu lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi dá wọn lóhùn.

Ọdún 1920 ló tó lọ sí London, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ọdún 14 ti kọjá lẹ́yìn àwòrán ìyáàfin yẹn. Ojú rẹ̀ ti mọ ohun tó ń wá. Òfin rẹ̀ ló lọ gbà. Òfin náà ni pé ibi tí sánmà àti ilẹ̀ ti pàdé máa ń bá ojú ẹni tó ń wòran dọ́gba, àti pé àwọn etí títì tó tẹ́jú tó sì ṣe tààrà yóò forí lé ojú kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó gbé ní Cairo, kọ Kitāb al-Manāẓir. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan ló ń wọ inú ojú, pé ojú kọ́ ló ń rán an jáde. Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìn, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì sì jàǹfààní ìmọ̀ inú rẹ̀.

Lọ́dún 1922, Onabolu padà sílé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní Èkó. King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ, ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i. Lọ́dún 1927, Kenneth Murray dé láti Ìlú Ọba. Ọ̀nà wọn kò jọra. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú sí iṣẹ́ ọnà àbáláyé wa. Onabolu dúró lórí pé ohun tí òyìnbó lè yà, ọmọ Áfíríkà lè yà á. Ilẹ̀ wa jèrè àwọn méjèèjì. Onabolu jáde láyé lọ́dún 1963.

Àwọn àlímù ní ọ̀rọ̀ lórí yíya ohun ẹlẹ́mìí, ìyẹn kọ́ la wá sọ. Títì, ilé àti igi ni ẹni tó ń kọ́ perspective sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àáfà, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń ya nǹkan sẹ́yìn ìwé, ẹ má kàn gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú un jáde síta. Ẹ ní kó na apá, kó di ojú kan, kó fi pẹ́ńsù wọn ọ̀pẹ tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tó bá rí, kó yà á bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àmín.