Alfred Nobel

A bí Alfred Nobel ní ìlú Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ní ọdún 1833. Ó ń ṣe òróró nitroglycerin tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Bí nǹkan bá gbá òróró náà, ó lè bú gbàmù. Ní ọdún 1864, ó bú gbàmù, ó sì pa Emil, àbúrò Nobel. Nobel ronú títí. Ó po òróró náà mọ́ erùpẹ̀ tí ó lè fà á mu. Kò sì tètè bú mọ́. Èyí ni dáínámáìtì. Ó kú ní ọdún 1896. Owó rẹ̀ ni a fi dá Ẹ̀bùn Nobel sílẹ̀, èyí tí Wọlé Ṣóyínká gbà ní ọdún 1986.

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, ẹ má ṣe sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta.