Tìmì Láoyè, Ọba Tó Bá Onílù Ṣọ̀rẹ́

Bí a bá dárúkọ Ẹdẹ lónìí, ìdílé Adélékè àti Davido ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ rántí. Èmi tí mo ń gbé ní Awo, tí Ẹdẹ kò jìnnà sí wa, ẹlòmíràn ni mo fẹ́ rán yín létí: Ọba John Adétóyèsè Láoyè Kìn-ín-ní. Ọdún 1899 ni wọ́n bí i. Ó jẹ Tìmì ní 1946, ó sì wà lórí oyè títí tó fi wàjà ní 1975.

Ohun tó ṣòro fún àwọn ènìyàn láti lóye nípa rẹ̀ ni pé ọba aládé ni, síbẹ̀ ó ń lu dùndún, ó sì mọ̀ ọ́n lù. Iṣẹ́ ìdílé Àyàn ni ìlù. Onílù ló ń wá sí ààfin láti ki ọba, kí ọba sì fún un lówó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fojú alágbe wo onílù. Kí ni ọba ń wá nídìí ìyáàlù? Onígbàgbọ́ sì tún ni, láyé tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ka ìlù sí nǹkan abọ̀rìṣà. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé ìlù wọ orin Àjíǹde ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ará ìjọ kò gbà fún un.

Láoyè kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Ní 1959, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìlù Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù, èyí tí Sàbúrí Bíòbákú àti Ulli Beier dá sílẹ̀. Ó to ìlù lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀: ìgbìn fún Ọbàtálá, ìpèsè fún Ifá, àgẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọdẹ, bàtá fún Ṣàngó, àti dùndún tó wà fún gbogbo ayé. Ohun tó wà lágbo ilé onílù wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà.

Ìdí tí èyí fi kàn wá ní ẹ̀ka wa rèé. Ohùn ọ̀rọ̀ ni dùndún ń sọ. Ó lè ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ya ọkọ àti ọmọ, nítorí ohùn kan náà ni wọ́n ní. Nítorí náà ni onílù fi máa ń lo oríkì àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ oríkì, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Bí ọmọ Àyàn bá fi ìlù sílẹ̀, tí àwa náà kò sì mọ oríkì mọ́, kò sí ẹni tí ìlù yóò bá sọ̀rọ̀.

Lójú tèmi, Láoyè mọ ohun tó ń ṣe. Ọba tó bá gbọ́ èdè ìlù ló ń mọ̀ bóyá onílù ń kì í tàbí ó ń bú u. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, àwọn ọmọ Àyàn ṣì wà ládùúgbò yín. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ọba jókòó tì wọ́n rí, adé rẹ̀ kò sì bọ́.