Teslim Balógun, Àrá tó sán dé ìlú Ọba, tó padà wá kọ́ ọmọ ilé

Orúkọ pápá ìṣeré Teslim Balógun tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, kò ṣàjèjì sí etí yín. Àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí pé ta ni ẹni tó ni orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè dáhùn.

Ọmọ Yorùbá l'Ékòó ni Balógun. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì máa ń le débi pé Thunder, ìyẹn àrá, ni wọ́n ń pè é. Nígbà ayé rẹ̀, kò sówó nínú bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ oòjọ́ lèèyàn ń ṣe, ilé iṣẹ́ ló sì máa ń ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

Lọ́dún 1949, wọ́n ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù 18, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Ọba. Balógun wà lára wọn. Ẹ wo nǹkan ìyanu: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a! Síbẹ̀, wọ́n fi àmì ayò márùn-ún sí méjì na ẹgbẹ́ òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé nítòsí Liverpool.

Nígbà tó di 1955, Balógun tún padà lọ. Ó dé Peterborough, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Queens Park Rangers ní London ní sáà 1956 sí 1957. Ìtàn gbà pé òun lọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó wù wá jù nínú ìtàn rẹ̀ rèé. Kò jẹ́ kó parí síbi gbígbá. Ó kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn aṣáájú nídìí iṣẹ́ náà láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Ó wá kó ìmọ̀ yẹn bọ̀ wálé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí ilẹ̀ Yewa wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó tún wà lára àwọn tó kó ẹgbẹ́ Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico lọ́dún 1968, níbi tí àwọn ọmọ wa ti bá Brazil ta ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta.

Ọlọ́jọ́ dé lóṣù Keje ọdún 1972. Pápá tí wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n pa á tì, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 23 gbáko!

Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ló ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. A ò ní kí wọ́n má lọ, Balógun náà lọ. Àmọ́ ta ni yóò kọ́ àwọn tó kù lórí pápá ilé ìwé wa? Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní àdúgbò yín, ẹ fún un láyè kó kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀nà tí Balógun gbà sanwó ìmọ̀ rẹ̀ padà nìyẹn.