Florence Nightingale: Nọ́ọ̀sì Tó Fi Ìṣirò Gba Ẹ̀mí Là

Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdọọdún ni gbogbo ayé ń bu ọlá fún àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí Florence Nightingale. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó máa ń gbé àtùpà káàkiri lóru láti yẹ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ wò. Ìtàn àtùpà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Ohun tó fi ran ayé lọ́wọ́ jù ni pé ó ka iye àwọn tó kú, ó wádìí ohun tó pa wọ́n, ó sì kò ó síwájú àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi gbọ́.

Ìlú Florence ní Ítálì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1820, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ láti Ìlú Ọba. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì sọ ọ́. Olówó ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níwèé, Florence sì fẹ́ràn ìṣirò láti kékeré. Nígbà tó sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, ilé dàrú. Lójú àwọn ọlọ́lá Ìlú Ọba ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn tálákà àti ọ̀mùtí ni. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù, nítorí a mọ ìtàn Rufaydah al-Aslamiyyah, tó pàgọ́ ìtọ́jú fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Mẹ́dínà nígbà ayé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Florence kò yí ohùn padà. Ní ọdún 1851, ó lo oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní Jámánì láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di 1853, ó ti di alábòójútó ilé ìwòsàn kékeré kan fún àwọn obìnrin ní London.

Ọdún yẹn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ìjọba Ottoman ti Tọ́kì. Ní 1854, Ìlú Ọba àti Faransé gbè sẹ́yìn Tọ́kì. Ogun Crimea ni wọ́n ń pè é. Bárékè ńlá Selimiye tó wà ní Üsküdar, ní ìlú Istanbul, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ ogun níbẹ̀ jáde, Mínísítà Sidney Herbert rán Florence lọ pẹ̀lú àwọn obìnrin 38. Oṣù kọkànlá ni wọ́n débẹ̀. Ibùsùn kò tó, aṣọ dọ̀tí, eku àti iná orí kún ibi gbogbo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn sì wà nílẹ̀.

Wọ́n fọ aṣọ, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n se oúnjẹ tó ṣeé jẹ. Síbẹ̀, ikú kò dínkù. Ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kejì 1855, nínú 100 aláìsàn, bíi 42 ló ń kú. Ohun tó fà á ni pé orí kòtò ìdọ̀tí tó ti dí ni ilé náà wà, omi kò mọ́, atẹ́gùn kò sì ráyè wọlé. Oṣù kẹta ni ìjọba rán ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìmọ́tótó wá. Wọ́n la kòtò, wọ́n tún omi ṣe, wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, iye tó ń kú ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2 nínú 100.

Nígbà tó padà sílé ní 1856, àwọn èèyàn fẹ́ yẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ló dojú kọ. Òun àti William Farr, ọ̀gá nínú ìṣirò, ṣàkójọ iye àwọn tó kú. Wọ́n rí i pé àìsàn tó ṣeé dènà, bíi onígbá méjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, pa ọmọ ogun ju ọta ìbọn lọ fíìfíì. Florence ya àwòrán alárà mèremère kí ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò náà lè fojú rí i. Ní 1858, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní London gbà wọlé. Ní 1860, ó dábàá pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa kọ iye àwọn tó wọlé, àwọn tó sàn àti àwọn tó kú sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà.

Ìṣirò náà kò ṣojúsàájú sí òun alára. Owó tí àwọn èèyàn dá ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi dá wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí sílẹ̀ ní King's College Hospital, láti kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́. Nígbà tí ibà abiyamọ ń pa àwọn ìyá ọmọ níbẹ̀, wọ́n ti wọ́ọ̀dù náà pa ní 1867. Florence wá ka iye tó ń kú ní oríṣiríṣi ibi ìgbẹ̀bí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1871 pé àwọn tó bímọ nílé ń yè ju àwọn tó bímọ sí ilé ìwòsàn lọ.

Àìsàn tó kó lójú ogun fi í sórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n orí ibùsùn náà ló ti ń kọ̀wé sí àwọn mínísítà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1910, ní ẹni 90 ọdún.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dá sílẹ̀ ní St Thomas' ní 1860 ni Ìyáàfin Kofoworola Abẹ̀ní Pratt ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Ìwádìí náà kò sì dúró. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi aláìsàn kan ṣoṣo kún iye tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ewu ikú láàárín 30 ọjọ́ fún àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa ń fi ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù, tó jáde ní 2014, gbe èyí lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ àwọn tó lọ sì já lé àwọn tó kù léjìká. Nítorí náà, bí a bá gbé ìyá wa dé ọsibítù tí nọ́ọ̀sì kò tètè dá wa lóhùn, ká tó bínú, ká kọ́kọ́ béèrè pé aláìsàn mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí iye náà bá pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ló yẹ kí a gbé ẹjọ́ wa lọ.